Ẹ̀rọ Tó Ré Nínéfè Kọjá

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kìíní 1984

Ọmọ mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mẹ́fà ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e fún àlejò. Mo ka ìtàn Jónà fún wọn láti inú ìwé ẹ̀kọ́ tí etí rẹ̀ ti jẹ tán. Akínyẹlé sùn títí ó fi jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ẹ máa bá a lọ, àǹtí, mo ń gbọ́." N kò bá a wí. Èmi náà ìbá sùn.

Oṣù kẹrin rèé tí mo ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ní Ṣakí. Bí mo bá lanu ní kíláàsì, wọ́n á ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe adìẹ wọlé. Nítorí náà n kì í lanu. Àwọn ọmọ mẹ́rin yìí nìkan ló ń pe orúkọ mi ní ìlú yìí.

Ọyẹ́ mú. Ètè mi ti là. Màmá Sàlàkọ́, onílé mi, bu òrí fún mi pé kí n fi pa á.

Ọjọ́rú, 11

Mo rí àwòrán ẹ̀rọ kan nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ ní láíbìrì. Rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n pè é. Ó ń gbé ife láti orí tábìlì kan lọ sí òmíràn. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ló dá mi dúró: kò mọ nǹkan kan, ẹnì kan ló ti to gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbéra. Bí ẹni náà bá ṣì í tò, yóò ṣe àṣìṣe náà délẹ̀délẹ̀.

Jónà ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọlọ́run ní kó lọ sí Nínéfè, ó gba ọ̀nà Táṣíṣì. Bí àwọn ọmọ mi bá ní ohun kan tí àwọn fúnra wọn lè rán níṣẹ́, wọn ò ní sùn.

Ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń tún rédíò ṣe ni mo dàgbà sí. Mo ti ń yọ́ òjé kí n tó mọ̀wé kọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ níbí, nítorí kò sẹ́ni tó bi mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Ràmọ́nì, ẹni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ garéèjì, títí oòrùn fi gun orí mi. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé rédíò lo fẹ́ tún ṣe ni, àbí ojú mi lo wá wò?"

Mo ní mo ń wá ẹ̀rọ kékeré tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì, méjì, láti inú èyí tó ti kú.

"Òkú? Kí lo fẹ́ fi òkú ṣe?"

"Mo fẹ́ jí i ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó wá gbé rédíò kan tó ti yadi síwájú mi, ó ní tí mo bá lè mú un sọ̀rọ̀, ohun tí mo bá fẹ́ nínú àpótí òkú, kí n mú un. Wáyà kan ló já lẹ́yìn rẹ̀. Mo ki irin sínú iná èédú, mo yọ́ òjé, mo so ó pọ̀. Rédíò ní sójà ti ti gbogbo bọ́dà. Ràmọ́nì ní, "Ọmọ Ìjẹ̀bú, ta ló kọ́ ọ?"

Mo sọ fún un pé mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Jónà. "Ànábì Yùnúsà?" ó ní. "Tiwa náà ni." Ọmọbìnrin rẹ̀ Àsíátù jókòó sílẹ̀, ó ń ṣa ìṣó wẹ́wẹ́ sínú agolo. Kò gbójú sókè tó fi béèrè: "Ṣé ẹ̀rọ yẹn máa wọ inú ẹja?"

"Bí o bá sọ fún un."

"Ìgbà wo ni kí n wá?"

Bàbá rẹ̀ ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo gba ẹ̀rọ méjì àti inú aago ògiri kan.

Ọjọ́ Àìkú, 22

Ó rìn.

Agolo mílíìkì tí mo là ni ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sálúbàtà tí mo gé róbótó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igi rìbìtì kan wà tí inú aago yẹn ń yí lọ́ra. Mo lu ihò sí igi náà ní ìlà méjì. Ìṣó kan ní ìlà òkè, á lọ síwájú ilé kan. Ìṣó kan ní ìlà ìsàlẹ̀, á yí ojú padà. Ihò tí kò bá ní ìṣó, á dúró. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa àwọn ilé náà gbọọrọ sórí sìmẹ́ǹtì yàrá wa: Táṣíṣì ní ìpẹ̀kun òsì, Nínéfè ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, Jópà láàárín. Mo ki ìṣó márùn-ún bọ̀ ọ́, mo gbé e sí Jópà. Ó wọ́ lọ bí ahun, ó sì dúró sí Nínéfè.

Bọ́sẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn, ní, "Ó mà gbọ́ràn o." Orúkọ rẹ̀ nìyẹn láti òní lọ: Gbọ́ràn.

Akínyẹlé ní ohun kan kù. "Ó kọjá níwájú àǹtí, kò kí wọn." Gbogbo wọn gbà pé ọmọ tí kì í kí àgbà kò lè dé Nínéfè. A fi ihò méjì sílẹ̀ lófìfo níbẹ̀rẹ̀ kó lè máa fi ìdúró náà kí ènìyàn.

Mo fi òfin kan lélẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ni yóò máa ki ìṣó. Èmi ò ní fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àìkú, 29

Mẹ́sàn-án. Àsíátù wà lára wọn, pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀ funfun. Àdìjátù ìyá rẹ̀ ló mú un wá, ó ní kí n má fi omi kankan wọ́n ọmọ òun lórí. Mo ṣèlérí.

Kí ẹnikẹ́ni tó ki ìṣó, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ rán ènìyàn. A fi gèlè mi di Akínyẹlé lójú, Bọ́sẹ̀ ń pàṣẹ. Ó ní, "Máa lọ." Akínyẹlé lọ títí ó fi forí sọ ògiri. "Mi ò ní kó forí sọ ògiri," ni Bọ́sẹ̀ wí. Àsíátù ní, "O ò ní kó dúró náà." Mo lè fi gbogbo oṣù ka ìwé ẹ̀kọ́ yẹn kí n má rí ohun tí mo rí ní ìṣẹ́jú yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kejì

Díákónì Ládòkun wá. Òun ni alága ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, òun náà sì ni bàbá àgbà Akínyẹlé. Ọmọ náà ló lọ ròyìn wa délé. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo Gbọ́ràn bí ẹni tó rí ejò nínú ìkòkò.

"Kí lèyí?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá. A fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ Jónà."

"Òfin kejì ńkọ́? Ìwọ kò gbọdọ̀ yá ère fún ara rẹ. Lára agolo mílíìkì pàápàá."

Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí àwọn màlúù idẹ tó gbé agbada omi ró nínú tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì. Ọ̀rọ̀ mi máa ń dé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá ti tì.

Wọ́n tún lé àwọn ọmọ tó gbẹ́ ihò ayò sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ọgbà Olúwa kì í ṣe ibi eré. Gbogbo Ṣakí ló sì mọ̀ pé ọ̀ta ayò ni Bàbá Ládòkun fúnra wọn, abẹ́ igi igbá ojúlé wọn ni wọ́n ti ń na àwọn òpè láràárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9

Bátìrì ti gbówó lórí láti ìgbà tí sójà ti ti bọ́dà. Kọ́bọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n ni tẹ́lẹ̀, ó ti di ọgọ́ta. Àdìjátù bá mi rí mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn tó gba ọ̀nà Ìjio lẹ́bàá bọ́dà wá. Mo fi iṣu jíjẹ sílẹ̀, gàrí ni mò ń mu.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Ọmọ mọ́kànlá. Wọ́n ki ìṣó fúnra wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbọ́ràn kí wa, ó gbéra ní Jópà, ó dé Nínéfè, ó sì kọjá rẹ̀. Ilé kan gééré.

Ilẹ̀ yàrá yìí ló dagẹ̀rẹ̀, mo rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Ó tún kọjá. Ilé kan. Mo ti yá ìwọ̀n olómi lọ́wọ́ bíríkìlà, ilẹ̀ tẹ́jú bí omi inú àwo. Mo gbé bátìrì tó ti rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó kọjá náà, ilé kan ṣoṣo, kò lé, kò dín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ki ìṣó márùn-ún tèmi bọ̀ ọ́. Ó dúró sí Nínéfè bí ẹni tó ní ilé níbẹ̀.

Bọ́sẹ̀ bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan. "Gbọ́ràn ò lè sá. Jónà lè sá. Àǹtí, èwo ni Ọlọ́run fẹ́ràn jù?"

Ọjọ́ Àìkú, 26

Ó kọjá.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kẹta

Kò yẹ kí n kọ èyí, ṣùgbọ́n n óò kọ ọ́.

Bàbá Ládòkun mú ìgbìmọ̀ wá, ọkùnrin mẹ́ta àti ìyàwó pásítọ̀. Akínyẹlé ló ki ìṣó lójú gbogbo wọn. Bàbá dúró ní ẹ̀yìn Nínéfè pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Gbọ́ràn kí, ó gbéra, ó dé Nínéfè, ó ré e kọjá, ó sì forí sọ bàtà Bàbá.

"Ère yìí tún fẹ́ gbá mi dànù," ni wọ́n wí. Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Ọlọ́run ti fi ìdáhùn Rẹ̀ hàn. Kí wọ́n gbé e jù, kí àwọn ọmọ padà sí akọ́sórí, kí wọ́n sì máa jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà. Kò ní sí kíláàsì mọ́.

Mo wo àwọn ọmọ. Mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó ń sùn. Ẹnu mi là, kì í ṣe èmi ni mo là á.

"Rárá, Bàbá."

Wọ́n yíjú sí mi. Mo rò pé wọn ò tíì gbọ́ kí n ta ko ẹnikẹ́ni rí.

"Ẹ má bínú. Bí ọmọ bá ṣì ka Sáàmù, a kì í gbé Bíbélì jù. Ẹ fún wa di Ọjọ́ Ọmọdé ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí kò bá dúró sí Nínéfè lójú gbogbo ìjọ, èmi fúnra mi ni n óò fọ́ ọ."

Ìyàwó pásítọ̀ ní, "Ẹ fún un, Bàbá." Wọ́n fi ọ̀pá kanlẹ̀, wọ́n lọ.

Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, ì bá dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ka ìṣó tó wà lára igi. Mẹ́fà. Mo bi Akínyẹlé ìdí tó fi fi ẹyọ kan kún un, ṣé nítorí kí bàbá rẹ̀ àgbà lè borí ni? Ó wò mí. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Nínú gbogbo ọmọ ibẹ̀, òun ló kọ́kọ́ pe orúkọ mi ní ìlú yìí.

Ọjọ́bọ̀, 8

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ bàbá mi. Mo ti kọ̀wé sí wọn nípa Gbọ́ràn. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n fi dáhùn, ìkẹta sì sọ pé: "Bí ẹ̀rọ bá kọ̀, má bú u. Bi í pé kí ló rí."

N kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló rí. Mo bi ilẹ̀, mo bi bátìrì, mo fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Mo lọ sí agbo ilé Ládòkun. Bàbá wà lábẹ́ igi igbá, àwọn àti Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, ọpọ́n ayò wà láàárín wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Akínyẹlé ni mo wá bẹ̀, Bàbá."

"Olùkọ́ wá bẹ ọmọdé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́."

Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì ní, "Irú èyí ò sí nígbà tiwa." Bàbá Ládòkun ní kí wọ́n ta ayò wọn.

Akínyẹlé jáde, ó dúró jìnnà. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní ó ti tán. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bó ṣe ka ìṣó mẹ́fà. Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè bí wọ́n ṣe ń jẹun.

"Mo ka ilé ni. Jópà, ọ̀kan." Ó na ìka. "Èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ìkarùn-ún, Nínéfè, ẹ̀kẹfà."

"Kí ló dé tí o fi ka Jópà? Ibẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀."

"Àǹtí, ọjà ńkọ́? Ọjà òní, ọ̀kan. Ọ̀la, èjì. Ọ̀túnla, ẹ̀ta. Títí di ọrún tí wọ́n tún ná an, àrún. Ṣé a kì í ka òní mọ́ ọn ni?"

Mo jókòó sórí gbòǹgbò. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń ka ọjà bẹ́ẹ̀, ní Ìjẹ̀bú náà. Ọmọ mọ́kànlá ka Jópà bí wọ́n ṣe ń ka ọjà, èmi tí mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ń fi ìwọ̀n bíríkìlà wọn ilẹ̀.

N kò lè sọ fún un pé ó ṣì í kà, nítorí kò ṣì í kà. Lábẹ́ igi, Bàbá kó ọmọ ayò nínú ilé kan, wọ́n ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: tó, tó, tó. Mo wo ọwọ́ wọn.

"Akínyẹlé," mo ní jẹ́jẹ́, "nígbà tí Bàbá bá kó ọmọ ayò, ṣé ilé tí wọ́n ti kó o ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi sí?"

"Rárá o. Ojóro nìyẹn. Ilé kejì ni wọ́n..."

Ó wo ọpọ́n, ó wo ìka rẹ̀, ó ká ọ̀kan.

"Àǹtí," ó ní, "ayò ni. Kì í ṣe ọjà."

Bàbá Ládòkun gbójú sókè. "Kí lẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá," Akínyẹlé ló dáhùn.

Ọjọ́ Àìkú, 11

Akínyẹlé ló kọ́ wọn, kì í ṣe èmi. Ó gbẹ́ ihò mẹ́fà sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti lé wọn. Gbọ́ràn dúró sí Nínéfè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àsíátù ní, "Ó yẹ kí ẹ ti bi wá, àǹtí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Wọ́n ti to gbogbo ìtàn náà tán: sísá sí ọ̀nà Táṣíṣì, ihò mẹ́ta lófìfo fún ọjọ́ mẹ́ta inú ẹja (agbọ̀n Màmá Sàlàkọ́ ni ẹja), yíyí padà, Nínéfè. Nígbà tí wọ́n ń ki ìṣó tí Jónà fi sá, Bọ́sẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ní òun ti rí ìdáhùn òun. "Bí Ọlọ́run bá fẹ́ èyí tí kò lè sá, ìbá ti ki ìṣó bọ Jónà lára. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rán an lẹ́ẹ̀kejì ni."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24

Òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí. Ó gbé erukuru ọyẹ́ kúrò lójú gbogbo àpáta.

Ọjọ́ Àìkú, 25: Ọjọ́ Ọmọdé

Inú gbàgede ni wọ́n tẹ́ bẹ́ǹṣì sí. Ràmọ́nì àti Àdìjátù dúró lẹ́nu géètì, wọn ò wọlé, wọn ò sì lọ. Àwọn ọmọ ń sọ ìtàn, Gbọ́ràn ń rìn ín. Ó kí ìjọ. Ó sá. Agbọ̀n bò ó. Agbọ̀n ṣí. Ó yí padà, ó lọ, ó dúró sí Nínéfè. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Bàbá Ládòkun dìde. "Ẹ dúró ná. Olùkọ́ ti bá wọn tò ó sílẹ̀ látilé ni. Ẹ yọ gbogbo ìṣó yẹn. Èmi fúnra mi ni n óò rán an."

Mo ní, "Ó dára, Bàbá."

Wọ́n bọ́ agbádá wọn sẹ́yìn bẹ́ǹṣì, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi ọ̀pá ka ilé láti Jópà dé Nínéfè, ẹnu wọn ń mì. Wọ́n ki ìṣó. Mo rí i tí Akínyẹlé lanu, mo sì rí i tí Àsíátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jẹ́ kó lọ ná," ó ní. Bàbá lọ dúró sí ẹ̀yìn Nínéfè, níbi tí wọ́n dúró sí lọ́jọ́sí.

Gbọ́ràn kí wọn. Ó gbéra. Ó ré Nínéfè kọjá, ó forí sọ bàtà wọn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ bóyá ó yẹ. Bàbá tún ilé kà, tòun ti ọ̀pá, wọ́n ní, "Mo kà á dáadáa."

"Ẹ kà á dáadáa, Bàbá," Akínyẹlé ní. "Ṣùgbọ́n ọjà lẹ kà. Ayò ni. Ilé tí ẹ ti kó o, ẹ kì í fi sí i."

Bàbá wo ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n wo Jópà. Láti ẹ̀yìn, Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì kígbe pé, "Ọ̀ta! Òpè wo ló ń kọ́ ọ láyò?" Ìgbà náà ni ẹ̀rín bú. Bàbá tẹ̀ ba, wọ́n yọ ìṣó kan, wọ́n gbé Gbọ́ràn padà sí Jópà fúnra wọn. Ó rìn, ó dúró sí Nínéfè.

Wọn ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n wọ agbádá wọn, wọ́n jókòó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27

Mò ń gbá yàrá nígbà tí òjìji bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá Ládòkun ni. Wọ́n wọlé, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú ìṣó kékeré kan jáde.

"Tiyín ni. Ó gún mi nítan nígbà tí mo jókòó."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Kí ló kàn lẹ́yìn Jónà?"

"Jẹ́ríkò, sà. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n yí i ká."

"Ẹ má ka ibi tí ẹ ti gbéra," wọ́n ní. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó rántí nǹkan, wọ́n fojú le. "N kò tíì sọ pé mo fara mọ́ ọn o. Ère ni, lójú tèmi."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò ní Nínéfè kí n gbá a."

Wọ́n gbẹ́sẹ̀.